Igbó Àfihàn Wa Lẹ́yìn Iléṣà: Ìbéèrè Tí Òbí àti Olùkọ́ Máa Ń Bi Wá

Ẹ káàbọ̀ o. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí a ti ń mú ọmọ iléèwé wọ igbó kékeré tí ará àdúgbò wa ń tọ́jú lẹ́yìn ìlú Iléṣà. Bí sáà tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí àti olùkọ́ máa ń pè wá bi. A kó wọn jọ síbí kí ẹ lè kà wọ́n kí ẹ tó mú ọmọ wá.

Kí ni igbó àfihàn? Ṣé ọgbà ẹranko ni?

Rárá. Kò sí kìnnìún níbẹ̀, kò sí ọ̀bọ nínú àgò. Igbó tí a pín sí abala-abala ni, kí ènìyàn lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ọwọ́ ọmọ aráyé ń ṣe sí ilẹ̀. Létí odò ni ẹgàn wà, ibi tí àwọn àgbà tó ṣì wà láyé kò rántí pé wọ́n fi àdá kàn rí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni oko kan tí olóko fi sílẹ̀, tí igi ń fúnra wọn hù padà. Lápá ọ̀tún ni tíìkì tí a gbìn ní ìlà-ìlà bí ọmọ iléèwé tó tò ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Kòkó kan wà lábẹ́ ibòòji igi ńlá, kòkó kejì wà nínú oòrùn gbangba. Lẹ́nu ọ̀nà ni a ti ń hu ọmọ igi sínú ọ̀rá dúdú.

Bí ẹ bá fi wákàtí méjì rìn ín já, ẹsẹ̀ yín á ti mọ ìyàtọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ilẹ̀ ẹgàn rọ̀ bíi tìmùtìmù. Ilẹ̀ abẹ́ tíìkì le, ewé gbàgàdà-gbàgàdà ló bò ó, ohun tó ń hù níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ já ewé tíìkì tútù kan, kí ẹ fi ọwọ́ rà á: àtẹ́lẹwọ́ yín á pọ́n bí ẹni tó fi osùn pa á. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀.

Ṣé ìwé kò tó ni? Kí ló dé tí ẹ fi ní láti kó ọmọ wọ igbó?

Ìwé dára, a sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé àfi kí ojú rí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a máa ń kọ́kọ́ ṣe.

A ó dá ìgò ike mẹ́ta dùbúlẹ̀, a ó gé ẹ̀gbẹ́ wọn tó wà lókè kúrò, a ó bu iyẹ̀pẹ̀ kan náà sínú wọn. Ti àkọ́kọ́ á wà lásán. A ó da ewé gbígbẹ bo ti kejì. A ó hú koríko tòun ti gbòǹgbò sínú ti kẹta. Ọmọ mẹ́ta á gbé ife sí ẹnu ìgò, ọmọ mẹ́ta mìíràn á rọra da omi sí i lẹ́ẹ̀kan náà, bí òjò. Omi tó kọ́kọ́ jáde ni ti iyẹ̀pẹ̀ lásán, á sì rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ti abẹ́ ewé á pẹ́ kó tó dé, á sì mọ́ jù ú lọ fíìfíì. Ti koríko á mọ́ bákan náà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni, nítorí ilẹ̀ ti mu ìyókù.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó wà ní kíláàsì kẹrin gbé ife àkọ́kọ́ sókè, ó tẹjú mọ́ ọn títí, ó ní: "Àǹtí, ṣé bí ilẹ̀ oko bàbá mi ṣe ń bá omi lọ nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ nǹkan kan mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá rẹ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá wo igbó.

A fẹ́ kó igba ọmọ wá lẹ́ẹ̀kan ní òpin sáà. Ṣé ẹ lè gbà wá?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa, rárá. Ariwo igba ọmọ á lé ẹyẹ lọ, ẹsẹ̀ wọn á tẹ ọmọ igi pa, èyí tó wà lẹ́yìn kò sì ní gbọ́ ohun tí ẹni tó wà níwájú ń sọ. Ẹ mú ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá, kí ẹ sì mú àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà padà wá lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan. Bí ẹ̀kan péré ni ẹ lè wá, a ó gbà yín tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n ìran lásán ni ọmọ á wò, kò tíì kọ́ ẹ̀kọ́. Gbogbo iṣẹ́ wa dúró lórí pé kí ọmọ padà wá sí ibi tó ti dé rí.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní igi tirẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá ló máa wọn ún. A ó fi igi tí a ti fàlà sí wọn mítà 1.3 láti ilẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ igbó káàkiri ayé ti máa ń wọn igi. Ọmọ á fi tépù télọ̀ yí igi ká níbẹ̀. Bí ó bá rí sẹ̀ǹtímítà 94, á fi 3.14 pín in, á sì rí i pé igi náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Á fọwọ́ pa èèpo igi, á gbóòórùn rẹ̀, á wo èèrà tó ń gòkè. Ọmọ tó rí arère rẹ̀ ní oṣù kìíní tó wà ní ìhòòhò, tó tún rí i ní oṣù kẹfà tó kún dẹ́dẹ́, kò ní gbàgbé arère mọ́. Kò sí ẹni tó ní láti ní kó há a sórí.

Ìgbà wo nínú ọdún ló dára jù?

Ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Láàárín oṣù kọkànlá sí ìkẹta, ọ̀pọ̀ igi ti wọ́ ewé, ẹyẹ hàn kedere, ẹsẹ̀ kì í sì í rì sínú ẹrẹ̀. Ìgbà yẹn náà ni a ń ṣọ́ iná jù, nítorí náà ẹ má ṣe mú ìṣáná wá. Nígbà òjò la ń gbin igi. Bí òjò bá dá díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ẹ wá wo odò.

Mo gbọ́ pé ìrókò kì í ṣeé gbìn. Ṣé òótọ́ ni?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Irúgbìn ìrókò á hù. Títọ́ ọ dàgbà níṣẹ́ wà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé akọ àti abo ìrókò wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Abo ló ń so, ìyẹn bí akọ bá wà nítòsí. Àdán ló sì máa ń gbin èyí tó pọ̀ jù nínú ìrókò tí ẹ rí nínú igbó. Àdán ńlá tó ń jẹ èso á gbé e lọ sí ibi tó jìnnà, á jẹ ẹran ara rẹ̀, á sì já irúgbìn kékeré inú rẹ̀ bọ́ bó ti ń fò. Ẹni tó bá ti dé ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ á ti rí irú àdán yìí tí wọ́n ṣú bo ojú ọ̀run. Àwọn ènìyàn ń pariwo lé wọn lórí nítorí ìgbẹ́ wọn. Èmi máa ń bẹ ọmọ pé kó wò wọ́n bí ẹni tó ń wo àgbẹ̀. A máa ń pa òwe pé àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí àdán ń ṣe lóru, ẹyẹ ọ̀sán kò lè bá a ṣe é tán.

Wàyí o, bí ọmọ ìrókò bá hù, kòkòrò kékeré kan wà tó máa ń yé ẹyin sórí ewé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ewé á wú di kókó. Kókó á bẹ́, á jẹrà, orí igi náà á sì kú. Á tún yọ ẹ̀ka, kòkòrò á tún bà á. Bí ẹ bá gbin ìrókò nìkan ní ìlà kan, ńṣe ni kòkòrò ń ti ilé kan bọ́ sí ìkejì. Ohun tí àwa náà ṣe ní ọdún àkọ́kọ́ nìyẹn: a tò wọ́n sínú oòrùn, inú wa ń dùn, kí ọdún tó yí po orí gbogbo wọn ti jẹrà. Ó dùn mí gan-an, nítorí àwọn ọmọ ti so orúkọ mọ́ wọn. Lẹ́yìn náà la fọ́n tuntun káàkiri láàárín igi mìíràn, lábẹ́ ibòòji fẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Kókó ṣì wà lára wọn, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́, àwọn kan sì ti ga ju ọmọ kíláàsì kẹfà lọ. A ò ro ohun tó kú kúrò. A fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀ kí ọmọ lè rí ìlà tó kú àti èyí tó yè.

Ṣé àdán kò ní kó àìsàn bá ọmọ wa?

A kì í fọwọ́ kan àdán, òkú tàbí ààyè. A kì í jẹ èso tó já bọ́ tí eyín ti kan. Ọmọ á fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó jẹun. Láti òkèèrè la ti ń wò wọ́n.

Ṣé igbó orò ni? Ẹ̀sìn wa kò gbà wá láyè.

Kì í ṣe igbó orò, a kì í bọ nǹkan kan níbẹ̀. Ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ Kìrìsìtẹ́nì, ọmọ oníṣẹ̀ṣe ló jọ ń wá.

Ṣùgbọ́n mi ò ní fara pa mọ́: a máa ń sọ fún ọmọ pé ọ̀wọ̀ tí àwọn baba wa ní fún igbó kan kò jẹ́ kí wọ́n gé e. Ẹ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tí kò jìnnà sí wa. Ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, àjọ UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Àyíká rẹ̀ ti di ilé, igbó náà ṣì wà. Ohun tó mú un dúró yẹ kí ọmọ mọ̀, ẹ̀sìn yòówù kí wọ́n máa ṣe nílé rẹ̀.

Ejò ńkọ́?

Ejò wà. Igbó ni. Paramọ́lẹ̀, sèbé àti oká wà ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Bàbá ọdẹ kan tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ló máa ń ṣáájú pẹ̀lú ọ̀pá, ọmọ á máa tẹ̀ lé ojú ọ̀nà tí a ti ro. A kì í fi ọwọ́ sínú ihò. A kì í jókòó lórí ìtì igi láìkọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má ṣe gbẹ́ ojú ibẹ̀, ẹ má fi ẹnu fa oró, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka tàbí ẹ̀gbà kúrò kó tó wú. Ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́, ẹ má jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ rìn, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò. A ti mọ ibi tó sún mọ́ wa jù, a sì máa ń pè wọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ ń bọ̀ láti rí i dájú pé abẹ́rẹ́ náà wà nílẹ̀. Àwọn àgbà máa ń rò pé àṣejù ni. Àwa ò rò bẹ́ẹ̀.

Kí ni kí ọmọ wọ̀?

Ṣòkòtò gígùn, ẹ̀wù alápá gígùn, ìbọ̀sẹ̀, bàtà òjò. Ilé-ẹ̀kọ́ kan mú àwọn ọmọ wá pẹ̀lú sílípáàsì àti níkà, wèrèpè sì wà létí ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Igbe tí wọ́n ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Bí wèrèpè bá kan ọmọ, kó má họ ọ́, kó má fọwọ́ ra á, nítorí ńṣe ló ń tì í wọlé sí i. A ó lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ojú ibẹ̀, a ó ṣí i kí irun wèrèpè lè bá a jáde, lẹ́yìn náà omi púpọ̀ àti ọṣẹ. Ẹ bọ́ aṣọ náà lọ́tọ̀, ẹ má kó o mọ́ aṣọ mìíràn. Láti ọjọ́ náà, àwa ló ń ro wèrèpè kúrò létí ọ̀nà kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, a sì fi ẹyọ kan sílẹ̀ níbi tí ọmọ ti lè wò ó láìfọwọ́ kàn án.

Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ ń gbà?

Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ sókè. Ọmọ tí kò ríran náà ń wá. Okùn wà tí a ta láti igi dé igi, òun ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ dá ohùn ẹyẹ mọ̀ nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí oníkálukú ń sàmì sí ibi tí ohùn ti ń wá.

Èdè wo ni ẹ fi ń kọ́ wọn? Èmi fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì ọmọ mi já geere.

Yorùbá ni. Àwọn òbí kan máa ń rojú, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ wa níbí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Nínú igbó, ọ̀rọ̀ náà tún lágbára sí i. Ẹni tó bá pe gbogbo wọn ní igi kò tíì rí wọn. Ọmọ tó mọ àhùn, afàrà, ayùnrẹ́, igi ọ̀mọ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù, akòko tí wọ́n ń já ewé rẹ̀ bí wọ́n bá ń fi olóyè jẹ, ti ní ìmọ̀ tí ìyá ìyá rẹ̀ ní. Bàbá ọdẹ wa á na ọ̀pá sókè, á ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló wà lókè yẹn?" Bí wọ́n bá dákẹ́, á kọrin agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun. Àwọn ọmọ mọ orin náà látilé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé ẹyẹ gidi ni àlùkò, àfi ìgbà tí ọ̀kan na ìyẹ́ pupa rẹ̀ níwájú wọn.

Ṣé ẹ̀yin kì í jẹ́ kí ará àdúgbò já ewé tàbí ṣẹ́ igi ni?

A ń jẹ́ kí wọ́n já a. Igbó tí kò ṣe ará àdúgbò lóore kò ní pẹ́ kí ẹnìkan tó gé e. Àwọn ìyá tó ń ta ewé eéran ló kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń já a: ewé tó ti gbó nìkan, láti ọrùn, láìfa gbòǹgbò tu. Ewé yẹn kan náà tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín ló ń so èso pupa létí ilẹ̀, ohun tó wà lára hóró inú èso náà sì dùn tó nǹkan bí ìlọ́po 2,000 ṣúgà. Wọ́n ń lò ó ní òkè òkun láti fi mú oúnjẹ dùn.

Èso mìíràn ni àgbáyun, tó ń sọ kíkan di dídùn lẹ́nu. Nígbà tí ó bá pọ́n, a máa ń fún ọmọ ní ẹyọ kan kó fi lá ẹnu, lẹ́yìn náà a ó gé ọsàn wẹ́wẹ́ fún un. Ojú tí ọmọ máa ń ṣe! Á ti pa ojú dé kí kíkan tó dé, kíkan kò sì ní dé. Dídùn ló máa bá.

Èmi ní oko kòkó. Kí ló kàn mí nínú ìyẹn?

Ó kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Òdòdó kòkó kéré, ara ìtì ni ó ti ń yọ, oyin kì í fi bẹ́ẹ̀ dá sí i. Kòkòrò tíntìntín kan tó kéré ju yànmùyánmú lọ ló ń ṣe é lóore kó tó lè so. Inú ewé tó ń jẹrà àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń rà ni kòkòrò náà ti ń pamọ. Nítorí náà, oko tí ẹ gbá mọ́ tónítóní, tí ẹ kó gbogbo ewé rẹ̀ sun, ẹ ti sun ilé àwọn òṣìṣẹ́ yín. Ẹ fi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ kó rà. Èso kòkó tí àrùn ti sọ di dúdú nìkan ni kí ẹ kó kúrò.

Nípa ibòòji, àárín ló dára. Kòkó kékeré kò lè dúró nínú oòrùn, ṣùgbọ́n bí ibòòji bá dí jù, tí afẹ́fẹ́ kò lọ, àrùn dúdú yẹn á gbilẹ̀ nígbà òjò. Ẹ wá wo abala méjèèjì ní ọjọ́ oòrùn, kí ẹ dúró ní ìdí kòkó kọ̀ọ̀kan.

Kí ló dé tí ẹ fi ń kó ọmọ lọ wo odò tó wà níta igbó?

Nítorí ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n. Àwọn tó ń wa góòlù láìgbàṣẹ ti da ẹrẹ̀ sínú ọ̀pọ̀ odò ní agbègbè wa, omi náà sì ń lọ sínú odò Ọ̀ṣun. A máa ń gé ìgò ike gígùn, a ó fi ìdérí funfun tí a ya àgbélébùú dúdú sí sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ á máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, á máa wò ó láti òkè títí àgbélébùú náà á fi pa rẹ́. Omi inú ẹgàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìgò tán, ẹ ṣì ń rí i. Omi ìsàlẹ̀ odò, ní ọjọ́ tí kò dára, kò ju ìka mẹ́ta lọ. Ọmọ á kọ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó wọ̀n ọ́n. A kì í jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù.

Ọmọ mi dé ilé, ó ní òun fẹ́ gbin igi. Kí ni kó gbìn?

Bí àyè bá wà lẹ́yìnkùlé, àgbálùmọ̀ ni. Bí ẹ bá ti jẹ ẹ́ tán, kó fọ hóró rẹ̀ mọ́, kó gbìn ín láìpẹ́, kó má fi gbẹ lórí fèrèsé. Ọ̀rá tí a ti lu nísàlẹ̀, ilẹ̀dú, omi ní àárọ̀. Bí ó bá ti ga tó orúnkún, kó mú un bọ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa. Ọ̀dá àkọ́kọ́ ló máa ń pa igi ọmọdé jù: ní oṣù kọkànlá, ẹ jẹ́ kó kó ewé gbígbẹ yí ìdí rẹ̀ ká, kó fi àlàfo sílẹ̀ díẹ̀ láàárín ewé àti ìtì. Yóò pẹ́ ọdún bíi mélòó kan kó tó so. Kó wọn gíga rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, kó mú ìwé náà dání bí ó bá tún ń bọ̀ wá wo èyí tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa.